Àtúnṣe Ìlú Kì í Ṣe Ọ̀ràn Àánú: Iṣẹ́ Ni

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa ọ̀wọ́n, ọ̀ràn kan wà tí ó ti pẹ́ tí ó ti ń dùn wá, tí a kò sì lè pa á mọ́ra mọ́. Ní ọdọọdún, nígbà tí àwọn ọmọ tí ó wà ní kíláàsì àṣekágbá bá ń múra àtijáde, àwọn olùkọ́ a máa bi wọ́n léèrè pé, "Irú iṣẹ́ wo ni ìwọ fẹ́ ṣe láyé?" Ìdáhùn tí a ń gbọ́ kò ju mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ. Ẹnìkan yóò ṣe dókítà, ẹnìkan yóò ṣe lọ́yà, ẹnìkan yóò ṣe ẹnjiníà, ẹnìkan yóò jókòó ní báǹkì, ẹni tí ó kù yóò sì wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Òkè-Òkun. Inú olùkọ́ a dùn, àwọn òbí a sì ṣe Àmín. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan bá dìde tí ó wí pé, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, èmi fẹ́ kí ó jẹ́ iṣẹ́ mi pé kí àwọn tí a tì mọ́lé láì dá wọn lẹ́jọ́ rí ẹni gbèjà wọn," ẹ̀rín ni gbogbo kíláàsì yóò bú sí. Olùkọ́ pàápàá yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò sì wí pé, "Èyíinì dára, ọmọ mi, ṣùgbọ́n kí ni ìwọ yóò máa jẹ?"

Ẹ̀rín yìí ni àwa dìde láti bá jà. A kò bá iṣẹ́ dókítà jà, bẹ́ẹ̀ ni a kò bá iṣẹ́ báǹkì jà, nítorí ìlú kò lè ṣe aláìní wọn. Ohun tí a ń wí ni pé iṣẹ́ ni àtúnṣe ìlú pẹ̀lú, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ káfíńtà ti jẹ́ iṣẹ́. Ó ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀, ó ní irinṣẹ́ tirẹ̀, ó ní àwọn ọ̀gá tí a lè kọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn, ó sì yẹ kí ó ní owó ọ̀yà. Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò bá sọ èyí fún àwọn ọmọ rẹ̀ ti fi ohun kan pamọ́ fún wọn tí ó tọ́ sí wọn láti mọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì wá gbọ́, ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí a ń pè ní àtúnṣe ìlú. Bí ọmọ mẹ́wàá ní abúlé kan bá ń ṣu gbuuru, ẹni tí ó ra oògùn fún wọn ṣe ohun rere, kò sì sí ẹni tí yóò bá a wí. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn wà tí yóò béèrè ibi tí wọ́n ti ń pọn omi. Yóò kó àwọn àgbà abúlé jọ, yóò kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀, yóò kọ òmíràn nígbà tí a kò bá dá a lóhùn, kò sì ní sinmi títí a ó fi gbẹ́ kànga tí ó ní ìdérí, tí gbogbo ìyá tí ó wà níbẹ̀ yóò sì mọ bí a ti í po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ omi tí a sè fún ọmọ tí ń ṣu. Ẹni kejì yìí ni àwa ń pè ní atúnlùúṣe. Oògùn ẹni àkọ́kọ́ yóò tán lọ́sẹ̀ kan. Ọmọ tí a kò tíì bí ni yóò mu nínú kànga ẹni kejì.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ohun tí àwọn alátakò wí. Àwọn kan wí pé iṣẹ́ àwọn ìyàwó olówó ni èyí, iṣẹ́ àwọn tí ó ti jẹun yó tí wọ́n sì ní àyè. Àwa yóò dá wọn lóhùn láti inú ìtàn ilẹ̀ wa. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, tí a bí ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1900, kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ Grammar School ìlú náà, ó sì kàwé ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1919 títí di 1922, ó padà wálé, ó sì ṣe olùkọ́. Ní ọdún 1932 ó kó àwọn obìnrin ọ̀làjú jọ di ẹgbẹ́ kan, wọ́n ń kọ́ aṣọ rírán àti oúnjẹ sísè, wọ́n sì ń ṣe ìtọrẹ àánú. Bí ọ̀ràn náà bá parí síbẹ̀, òótọ́ ni àwọn alátakò wa ìbá wí, kì bá sì sí ẹni tí yóò rántí ẹgbẹ́ náà lónìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà ní ìwé kíkà, wọ́n jókòó tì wọ́n, wọ́n sì gbọ́ ohun tí ó ń jẹ àwọn ìyá náà lára: ìrẹsì tí a ń gbà lọ́wọ́ wọn nígbà ogun, àti owó-orí tí a bù lé obìnrin lórí nígbà tí obìnrin kò ní ohùn nínú ìgbìmọ̀ ìlú. Nígbà náà ni ẹgbẹ́ àánú di ẹgbẹ́ àtúnṣe. Ní 1946 ó di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta, tálákà àti ọlọ́rọ̀ sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n kọ̀wé ẹ̀sùn, wọ́n kọ̀ láti san owó-orí náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn lọ jókòó lójú ààfin. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìlú sílẹ̀, ó sì di ìparí ọdún 1950 kí ó tó padà; a sì mú owó-orí náà kúrò lórí àwọn obìnrin nígbà náà. Ẹ kíyè sí i pé ọdún 17 ni ó wà láàrín ìbẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ náà àti ọjọ́ tí ọba kúrò nílùú. Ta ni ó ń fi ọdún 17 ṣe eré ọwọ́dilẹ̀?

Àwọn mìíràn wí pé ẹni tí kò rí iṣẹ́ gidi ṣe ni í lọ sídìí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni ó bí wa nínú jù lọ. Ǹjẹ́ Thomas Adéoyè Lambo kò rí iṣẹ́ gidi ṣe bí? Ọmọ Abẹ́òkúta ni òun náà, ó kọ́ ìṣègùn ní Birmingham, ó sì lè jókòó sí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí ó máa jẹ ayé rẹ̀. Ó padà wá sí Arò ní ìlú rẹ̀, àti ní 1954 ó gbé ohun kan kalẹ̀ níbẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ayé fi wá wò ó. Ní àkókò tí ó jẹ́ pé títì mọ́lé ni ìtọ́jú tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ fún ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, ó ní kí àwọn aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn nínú àwọn abúlé tí ó yí ilé-ìwòsàn náà ká, kí wọ́n máa ṣe iṣẹ́ oko, kí wọ́n máa wá gba ìtọ́jú, ó sì pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ kí wọ́n bá a ṣe é. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ó di igbákejì ọ̀gá àgbà fún Àjọ Ìlera Àgbáyé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni Olíkóyè Ransome-Kútì, ọmọ obìnrin tí a dárúkọ lókè yìí. Dókítà àwọn ọmọdé ni, ọ̀jọ̀gbọ́n sì ni. Nígbà tí ó ṣe mínísítà ìlera láti 1985 sí 1992, abẹ́rẹ́ àjẹsára àti ilé ìlera kékeré ní ẹ̀bá ilé àwọn tálákà ni ó gbájú mọ́. Àwọn méjèèjì yìí kò fi iṣẹ́ dókítà sílẹ̀. Wọ́n mú iṣẹ́ náà dé ibi tí kò tíì dé rí. Nítorí náà, ọmọ tí ó wí pé òun yóò tún ìlú ṣe kò sá fún ìwé. Ìwé tí yóò kà pọ̀, bóyá ó tilẹ̀ pọ̀ ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Àwọn kan tún wà tí wọ́n ń fi ohùn bàbá sọ̀rọ̀ pé, "Kí ọmọ kọ́kọ́ jáde ná, kí ó kọ́lé, kí ó ra mọ́tò, nígbà náà ni kí ó wá máa ronú ìlú." A bọ̀wọ̀ fún àwọn àgbà, ṣùgbọ́n ìtàn kò gbè wọ́n. Ládípọ̀ Ṣólańkẹ́ ń kọ́ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù, kò ní ilé, kò ní mọ́tò, nígbà tí òun àti Herbert Bankole-Bright pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn dá Ẹgbẹ́ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní ọdún 1925. Nítorí pé ọ̀pọ̀ onílé ní Lọ́ńdọ̀nù kì í fẹ́ gba aláwọ̀ dúdú sílé, ó rìn kiri àwọn ìlú Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti 1929 sí 1932, ó ń tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn ọba, àwọn oníṣòwò àti àwọn ènìyàn lásán, títí wọ́n fi ṣí ilé tiwọn ní Camden ní ọdún 1933. Inú ilé náà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó wá jà fún òmìnira ilẹ̀ wa gbé ti bá ara wọn pàdé. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà dúró de mọ́tò, mélòó nínú wọn ni yóò tún rántí lẹ́yìn tí mọ́tò bá dé? Ẹni tí kò kọ́ láti bìkítà nígbà tí ó ní 10 náírà kì í sábà kọ́ ọ nígbà tí ó bá ní mílíọ̀nù.

Bóyá olùkọ́ kan yóò wí pé, "A gbà, ṣùgbọ́n ibo ni ilẹ̀kùn náà wà tí ọmọ wa yóò gbà wọlé?" Ìbéèrè tí ó dára ni èyí, a ó sì dáhùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ilẹ̀kùn kìn-ín-ní wà níwájú gbogbo wa láti ọdún 1973, nígbà tí ìjọba dá ètò àgùnbánirọ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ogun abẹ́lé. Gbogbo ẹni tí ó jáde ní yunifásítì tàbí pólì tí kò tíì ju 30 ọdún lọ ni yóò sin ilẹ̀ baba rẹ̀ fún ọdún kan, ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ sì wà tí a yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín léèrè: mélòó nínú àwọn àgùnbánirọ̀ tí ẹ mọ̀ ni ó ń fi ọjọ́ náà ṣe iṣẹ́? Púpọ̀ nínú wọn a fọwọ́ sí ìwé, a ya àwòrán, a sì padà sílé. Ọdún kan tí ó yẹ kí ó jẹ́ ìkọ́ṣẹ́ di ọdún ìdúródèrò. A kò dá wọn lẹ́bi nìkan, nítorí kò sí ẹni tí ó sọ fún wọn ní ilé-ẹ̀kọ́ pé ìkọ́ṣẹ́ ni.

Ilẹ̀kùn kejì ni ti àwọn tí ń kọ́ òfin. Nínú àwọn tí ó wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà, àwọn tí ilé-ẹjọ́ kò tíì dá lẹ́jọ́ ju ìdajì lọ; àwọn kan tilẹ̀ ti pẹ́ níbẹ̀ ju iye ọdún tí adájọ́ ìbá fún wọn lọ. Ìjọba ti dá Legal Aid Council sílẹ̀ láti ọdún 1976 kí ó máa gba ẹjọ́ tálákà rò lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn àgùnbánirọ̀ tí ó jẹ́ lọ́yà sì ń bá wọn ṣiṣẹ́. Àwọn yunifásítì kan ní ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ òfin ti ń kọ́ bí a ti í gbọ́ ẹjọ́ tálákà kí ó tó jáde rárá. Ọmọ tí ó bá rí inú ọgbà ẹ̀wọ̀n nígbà tí ó wà ní akẹ́kọ̀ọ́ yóò jẹ́ lọ́yà mìíràn títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ilẹ̀kùn kẹta ni ti ẹ̀kọ́. Òfin ọdún 2004 wí pé ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì jẹ́ dandan. Síbẹ̀ UNICEF ti kéde pé àwọn ọmọ láti ọdún 5 sí 14 tí kò sí ní ilé-ìwé ní Nàìjíríà tó nǹkan bí 10,500,000. Láti ọdún 2017 ni ẹgbẹ́ Teach For Nigeria ti ń yan àwọn tí ó jáde ní yunifásítì, tí ń kọ́ wọn ní iṣẹ́ olùkọ́, tí ó sì ń rán wọn lọ fún ọdún 2 sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ọmọ tálákà wà. A ń san owó fún wọn, a sì ń kọ́ wọn láti wo ohun tí ó ń lé ọmọ kúrò ní ilé-ìwé.

Ilẹ̀kùn mìíràn ṣì wà. Ní Yunifásítì Ìbàdàn a ń kọ́ ìlera àwùjọ, a ń kọ́ ẹ̀kọ́ àgbà, a sì ń kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn aláìní. Ẹni tí ó bá ní ìmọ̀ owó lè wo ẹgbẹ́ COWAN tí Bísí Ògúnlẹ́yẹ dá sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 1982, tí ó gbé ọ̀ràn owó yíyá fún àwọn obìnrin oko ka orí àjọ àti èésú tí àwọn ìyá wa ti mọ̀ tipẹ́tipẹ́. Ìṣirò owó kò ṣòfò níbẹ̀. Obìnrin tí báǹkì kò jẹ́ wò lójú ni a fi ṣe é fún.

A ti dé ibi tí ó le jù nínú ọ̀ràn yìí, àwa kì yóò sì fò ó dá. Ọ̀ràn owó ni. Àwọn baba wa nínú ìjọ a máa wí pé owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere, òótọ́ sì ni. Àkọ́bí tí ìyá rẹ̀ ta iṣu kí ó tó lè jáde ní kọ́lẹ́jì ní àbúrò mẹ́ta tí ń dúró de owó ilé-ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá gba iṣẹ́ tí ó lówó lórí, tàbí tí ó bá kọjá sí Òkè-Òkun, ẹni tí yóò sọ òkò lù ú kì í ṣe àwa. Ẹni tí ó sọ òtítọ́ yóò sì jẹ́wọ́ pé ní ìbẹ̀rẹ̀, owó iṣẹ́ àtúnṣe kéré ju ti báǹkì lọ. Owó tí a ń san fún àgùnbánirọ̀ wà ní 33,000 náírà lóṣù fún ọdún púpọ̀ kí ó tó di 77,000 ní ọdún 2025, gbogbo wa sì mọ ohun tí gaàrí àti owó ọkọ̀ ti dà láàrín ìgbà náà.

Ṣùgbọ́n ta ni ó jẹ̀bi èyí? Àwa náà ni, nítorí ẹnu wa ni ó sọ iṣẹ́ yìí di ọ̀ràn àánú. Ohun tí ènìyàn bá pè ní àánú, kò ní san owó rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ kan wà, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan wà, àwọn ìjọ kan sì wà pẹ̀lú, tí ó jẹ́ pé nígbà tí ọ̀dọ́ bá béèrè owó iṣẹ́ rẹ̀, wọn yóò wí fún un pé èrè rẹ̀ ń bẹ ní ọ̀run. Wọn kì í wí bẹ́ẹ̀ fún bíríkìlà tí ó mọ ilé wọn, wọn kì í sì í wí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ń ta epo fún jẹnẹrétọ̀ wọn. Ìwé Mímọ́ tí wọ́n gbé lọ́wọ́ wí pé owó ọ̀yà tọ́ sí alágbàṣe. Ẹni tí ó bá fi orúkọ Ọlọ́run jẹ owó ọ̀dọ́ kò tún ìlú ṣe. Ó wà lára ohun tí a ní láti tún ṣe. Bí a bá sì fẹ́ kí ọmọ tálákà pàápàá lè yan iṣẹ́ yìí, dandan ni kí ó lè fi jẹun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn ọmọ olówó nìkan ni yóò máa sọ ohun tí tálákà nílò.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ìkìlọ̀ kan wà fún yín pẹ̀lú. Ẹ má ṣe lọ sí abúlé bí ẹni tí ó lọ wo ìran. Ẹni tí ó gbé àpò ìrẹsì kan lọ, tí ó ya àwòrán ogójì pẹ̀lú àwọn ọmọ tí kò wọ bàtà, ti mú ju ohun tí ó fi sílẹ̀ lọ. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ará ibẹ̀ kí ẹ tó sọ tiyín. Ẹ má sì rò pé ẹ̀yin ni ẹ ó kọ́kọ́ ronú nípa ìṣòro wọn. Wọ́n ti ń bá a jà kí a tó bí yín, wọ́n sì mọ ohun tí a ti dán wò tí kò ṣe é ṣe.

Ẹ̀yin olùkọ́, lọ́wọ́ yín ni ọ̀ràn yìí wà jù lọ, ohun mẹ́ta sì ni a ń béèrè lọ́wọ́ yín. Èkíní, ní ọjọ́ tí ẹ bá pe dókítà àti ẹnjiníà wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́, ẹ pe nọ́ọ̀sì ilé ìlera abúlé pẹ̀lú, ẹ pe lọ́yà tí ń gba ẹjọ́ tálákà rò, kí ẹ sì fi wọ́n jókòó sórí àga kan náà. Èkejì, ẹ jẹ́ kí gbogbo ọmọ tí ó wà ní àṣekágbá yan ìṣòro kan ṣoṣo ní àdúgbò ilé-ẹ̀kọ́ yín, kí ó ṣe ìwádìí ìdí rẹ̀ fún sáà kan, kí ó bi àwọn tí ó ń jìyà rẹ̀ léèrè, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì ka á níwájú àwọn àgbà àdúgbò. Ẹ fún un ní máàkì fún un bí ẹ ti ń fún un fún ìṣirò. Ẹ̀kẹta, nígbà tí ọmọ kan bá dìde nínú kíláàsì yín tí ó sọ irú ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín. Ẹ bi í léèrè ohun tí yóò kọ́, ibi tí yóò ti kọ́ ọ, àti ẹni tí yóò kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ẹ̀yin kò bá mọ ìdáhùn rẹ̀, ẹ bá a wá a.

Ìwé àṣekágbá yóò tún parí lọ́dún yìí, àwọn ọmọ yóò sì tún jáde. Omi abúlé kò tíì mọ́, ọ̀nà ilé-ẹjọ́ tálákà kò tíì là, àwọn ọmọ tí kò sí ní ilé-ìwé ń dàgbà sí i lójoojúmọ́. Ẹ rán ẹnìkan sí wọn, kí ẹ sì fún un ní owó ọ̀nà.